Lẹ́búlẹ́bú òkúta: ẹ bá wa béèrè ohun tó kù lẹ́yìn àyọkúrò

Sí Olóòtú,

Bí ìwé ìròyìn yín bá tún ń kọ nípa àwọn tó ń da lẹ́búlẹ́bú òkúta sóko kó lè fa carbon dioxide, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, kúrò nínú afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba iye tí wọ́n bá ní àwọn fà láì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Ọ̀nà náà kì í ṣe irọ́. Òjò máa ń gbé carbon dioxide wọlẹ̀. Bó bá kan basalt, òkúta dúdú tó ti inú òkè ayọnáyèéfín wá, tí wọ́n lọ̀ kúnná, á di bicarbonate, èròjà tó máa ń yọ́ sínú omi, á bá odò lọ sókun, á sì pẹ́ níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ooru àti òjò ilẹ̀ wa tilẹ̀ máa ń mú un yá. Ìwádìí kan tó jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onísáyẹ́ǹsì, ní 2020 ní ọ̀nà yìí lè kó bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 0.5 sí 2 carbon dioxide lọ́dún. Ohun tó ṣeé ṣe nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá wo oko àgbàdo àti sóyà kan ní Illinois, l'Amẹ́ríkà. 50 tọ́ọ̀nù basalt ni wọ́n ń dà sórí hẹ́kítà kan lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin. Èsì tó jáde ní 2024: nǹkan bí 10.5 tọ́ọ̀nù carbon dioxide ni hẹ́kítà kan lè ti fà láàárín ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì lè fi 3.8 lé tàbí kó fi dín. 200 tọ́ọ̀nù òkúta ló mú ìwọ̀nba yìí wá! Irè oko wọn pọ̀ sí i ní tòótọ́, inú mi sì dùn sí ìyẹn fún àwọn àgbẹ̀ wa.

Àyọkúrò ló ká mi lára jù. Epo dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀rọ fi lọ òkúta ńkọ́? Ọkọ̀ tó gbé e ńkọ́? Ásíìdì tó ti ara ajílẹ̀ ìgbàlódé wá náà máa ń jẹ òkúta, kò sì fa carbon dioxide kankan nínú afẹ́fẹ́. Amọ̀ inú ilẹ̀ tún lè di calcium àti magnesium tó yọ́ láti ara òkúta mú fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé odò, ìyẹn á sì fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Ọlọ́jà Balógun tó ń ka owó tó wọlé láì yọ owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù kò tíì mọ èrè rẹ̀.

Basalt tiwa wà ní Jos àti Biu, ọ̀nà jíjìn sí oko ìhà ibí. Granite tí típà ń kó láti Abẹ́òkúta wá s'Ékòó kì í sì í tètè yọ́ bíi basalt.

Àwa tí òkun ń sún mọ́ ilé wa la nílò iye tó jẹ́ òótọ́ jù. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta iye carbon dioxide tó ní òun fà fún ilé-iṣẹ́ kankan l'Ékòó kọ́kọ́ fi èsì àyẹ̀wò erùpẹ̀ àti omi oko náà hàn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Òǹkàwé yín,
Ṣómólú, Èkó