Ẹ Má Sọ Iṣẹ́ Ìsìnlú Di Ìjìyà fún Àwọn Ọ̀dọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni mo torí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, pàápàá ohun tí à ń retí kí wọ́n fi ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ṣe fún àwùjọ, èyí tí mo pè ní iṣẹ́ ìsìnlú. Bí àgbàlagbà bá ń gba ọ̀dọ́ níyànjú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kó tẹra mọ́ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà dárúkọ ẹni tí ìwé náà máa ṣe láǹfààní yàtọ̀ sí ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tó bá ti kàwé kò tún lè dá wàhálà sílẹ̀ mọ́.

Ẹ wo Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Òun ló ṣàwárí bí a ṣe lè fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà, tí ajílẹ̀ tí wọ́n ń rí nínú rẹ̀ sì ń bọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn títí dòní. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1918 ni wọ́n fi dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ yìí. Haber yìí kan náà ló ṣáájú àwọn tó tú gáàsì olóró kílórínì sí àwọn ọmọ ogun tó wà nítòsí ìlú Ypres ní ilẹ̀ Belgium, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, ọdún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Kò sẹ́ni tó lè ní ọkùnrin yìí kò kàwé tó. Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni pé kò sí ìdánwò kan nínú àwọn èyí tí à ń ṣe fún àwọn ọmọ wa tó lè fi ìyàtọ̀ iṣẹ́ méjèèjì hàn wọ́n.

Lẹ́yìn ogun yẹn náà, ẹnjiníà kan láti Switzerland, Pierre Cérésole, kó àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni jọ ní ọdún 1920 sí abúlé Esnes, lẹ́bàá Verdun ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àgbá ogun ti wó gbogbo ilé palẹ̀. Àwọn ará Jámánì wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni kò tíì ju ọdún méjì lọ tí Jámánì àti Faransé ti ń pa ara wọn ní agbègbè náà gan-an. Wọ́n ń kọ́ ibùgbé fún àwọn tó ń padà bọ̀, wọ́n ń dí kòtò tí bọ́ǹbù gbẹ́, wọ́n sì ń tún ọ̀nà ṣe. Inú àwọn aláṣẹ kò dùn sí i pé àwọn ará Jámánì wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì tọ́jọ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde, Service Civil International, ṣì wà títí di òní. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ẹnjiníà tó kàwé ni Cérésole, iṣẹ́ ọwọ́ ló sì fi wá àlàáfíà.

Kí wá ni àwa ń ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá pẹ́ dé ni à ń ní kó gbálẹ̀, èyí tó bá pariwo ni à ń ní kó lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọ tí a bá tọ́ báyìí fún ọdún bíi mélòó kan ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé iṣẹ́ gbogbo-gbòò, iṣẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ń gbé ìgbálẹ̀ jáde kìkì nítorí àwòrán, n kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí wọn.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí iṣẹ́ ìsìnlú bá ohun tí ọmọ ń kọ́ mu. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìṣirò owó jókòó ti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, kó máa ka owó tó wà nílẹ̀, kó sì máa fi wé ohun tó wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, yóò rí i pé akọ̀wé ti kọ orúkọ ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá pariwo, ó ti dójú ti àgbà. Bí ó bá dákẹ́, ẹgbẹ́ lè tú ká lórí owó náà nígbà tó bá yá. Bí ó bá lè fi pẹ̀lẹ́tù pe akọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì tọ́ka sí ìlà náà, ó ti lo ìwé, ó ti sin àwùjọ, ó sì ti paná ìjà tí kò tíì ràn. Mo mọ̀ pé àwọn òbí máa sọ pé ìdánwò ń bọ̀. Wákàtí bíi mélòó kan lọ́sẹ̀ kò ní kí ẹni tó mọ̀wé fìdí rẹmi. Ẹ má kàn fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀ ṣá, nítorí máàkì náà ni wọn yóò máa lé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí ìpinnu 2250, èyí tó rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ ní àyè níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ìpinnu lórí àlàáfíà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò jẹ́ kó dá sí ọ̀rọ̀ ìwé owó ẹgbẹ́ rí, kí ni yóò sọ nídìí ọ̀rọ̀ ogun?

Mo wá fẹ́ bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, pé kí ẹ ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ á ti máa fọwọ́ ara wọn kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún àwùjọ, títí kan èyí tí kò yọrí sí rere, láìfi àwòrán olóyè tàbí olóṣèlú kankan sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan tó jẹ́ olùkọ́