Bùkọ́lá, má tíì jó mọ́

Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo
Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀

Bùkọ́lá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Jámánì ńkọ́? Mo rí gbogbo ijó tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí mo gbé fọ́tò ìwé ẹ̀rí yẹn sí status. Má tíì jó mọ́. Jókòó ná.

Òótọ́ ni, pósítà ìwádìí wa ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọmọ másítà. Iwájú igi ìran kòkòrò Lassa yẹn, àwòrán tó ń fi hàn bí kòkòrò ara aláìsàn kan ṣe bá ti ẹlòmíì tan, ni wọ́n dúró sí jù, pàápàá ẹ̀ka tí mo kùn ní pupa. Mo ní, gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ibà Lassa máa ń jà jù, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀ka yìí, ó ń ràn wọ inú òjò. Àtẹ́wọ́! Ọ̀gá fúnra wọn dìde.

Màmá mi ti gbé ìwé ẹ̀rí náà kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Lọ́jà Ìgbọ̀nà, wọ́n ń sọ fún àwọn tó wá ra àdìrẹ pé ọmọ àwọn ti rí oògùn Lassa. Mo ní, "Màmá, igi ni mo yà, kì í ṣe oògùn." Wọ́n ní ṣebí ara igi náà la ti ń rí oògùn.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo to àwọn ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tẹ̀léra wọn. Bùkọ́lá, gbogbo èyí tó bọ́ sínú òjò lórí ẹ̀ka pupa ló jẹ́ ọjọ́ kìíní, ìkejì tàbí ìkẹta oṣù. 2 July. 1 August. 3 June. Kò sí ogúnjọ́ kankan níbẹ̀. Ṣé ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé nìkan ni ibà ń mú èèyàn ni? Àyà mi là gààràgà.

Mo sáré padà sí GenBank, ibi tí a ti kó jẹnóòmù àwọn kòkòrò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 07-Feb ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọjọ́ ti ẹ̀ka yẹn nìkan ni mo fọwọ́ tẹ̀, torí íntánẹ́ẹ̀tì já lọ́jọ́ náà. Mo tẹ 7/2 sínú Excel, kọ̀ǹpútà mi tó ń ka ọjọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà sì sọ ọ́ di 2 July. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ju 12 lọ, kò rí i yí, kò kúkú sí oṣù kẹtàlá. Ìyẹn ló fi farasin. Excel yìí kan náà ló ń sọ jíìnì SEPT1 àti MARCH1 di ọjọ́ oṣù títí wọ́n fi yí orúkọ wọn padà ní 2020. Àwa náà la fi wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà yẹn!

Ìròyìn yòókù: Ṣẹ́gun ti rí Cape Town wọ̀, àwọn ọmọ 300 level ń lé IT sí Ẹdẹ níbi tí wọ́n ti ka jẹnóòmù Kòrónà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ní March 2020, ẹni tí o mọ̀ yẹn sì ti ṣe ìdána. Má bi mí.

Owó ẹ̀bùn ti di bátìrì inverter. Tí wọ́n bá ní kí n dá a padà, kí wọ́n wá gbé bátìrì. Mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, n ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀gá ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ fún jọ́nà. Orúkọ rẹ ló sì tẹ̀lé tèmi lórí pósítà yẹn, kóòdù rẹ la lò, ìdí nìyí tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ gbọ́. Kóòdù rẹ ò jẹ̀bi o. Ọwọ́ mi ni.

Mo fẹ́ lọ bá Ọ̀gá lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. BEAST, ètò tó ń fi ọjọ́ ya igi ìran náà, á gbà tó ọjọ́ mẹ́ta lórí laptop mi, iná ò dúró, bátìrì tí mo ń fọ́nnu nípa rẹ̀ ò sì ju wákàtí mẹ́fà. Jọ̀ọ́, bá mi gbé e sórí kọ̀ǹpútà ńlá ilé-ẹ̀kọ́ yín. Fáìlì tuntun ti wà nínú ímeèlì rẹ. Orúkọ oṣù ni mo kọ báyìí, kì í ṣe nọ́ńbà. Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbé e lé e, ojú mi ti ṣú. Má sì tíì dárúkọ rẹ̀ fún àwọn ará group wa, mo mọ ẹnu Ṣẹ́gun.

Màmá kí ọ. Wọ́n ní ṣé àwọn ará ibẹ̀ máa ń ra àdìrẹ.

Tí ẹ̀ka pupa yẹn bá padà sí àyè rẹ̀, má kọ ìwé gígùn sí mi. Tẹ "ẹ̀ẹ̀rùn" nìkan. Á yé mi.

Èmi ni,
Títí