Ilẹ̀ Íńdíà ní ilé ẹjọ́ kí òyìnbó tó dé

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́.

Àròkọ tí ẹ gbé jáde nípa ìdájọ́ ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́ dùn ún kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ká gbójú fò. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí òyìnbó tó dé, ẹnu ọba nìkan ni òfin. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdájọ́ ní ìlànà lábẹ́ àwọn ọba Híńdù, ó sì ní in lábẹ́ àwọn Súlútánì, ìyẹn àwọn ọba Mùsùlùmí. Àléébù wọn pọ̀, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ àìsí òfin kọ́ ni àléébù náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹjọ́ gbèsè, torí òun ni ìwé òfin Manu, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Híńdù, fi ṣíwájú nínú oríṣi ẹjọ́ 18 tó kà sílẹ̀. Kì í ṣe ààfin lẹni tí wọ́n jẹ lówó máa kọ́kọ́ sáré lọ. Ìjókòó mọ̀lẹ́bí wà, ti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà, ti àwọn ará ìlú wà, lẹ́yìn náà ni adájọ́ tí ọba yàn, kó tó wá kan ọba fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìdájọ́ ti ìsàlẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sókè. Níwájú adájọ́, ẹ̀sùn gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Katyayana, ọ̀kan nínú àwọn àgbà amòfin wọn, ní kí wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sórí pátákó ná, kí wọ́n tún un ṣe dáadáa, kí wọ́n tó dà á kọ sórí ewé. Ó nídìí: bí olùjẹ́jọ́ bá ti fèsì, àtúnṣe parí. Ẹ̀sùn tí kò bá yéni, wọn ò ní gbà á.

Ọ̀nà mẹ́rin ni olùjẹ́jọ́ lè gbà fèsì. Ó lè gbà pé òun jẹ gbèsè. Ó lè sẹ́ kanlẹ̀. Ó lè ní òótọ́ lòun yá a, ṣùgbọ́n òun ti san án. Ó sì lè ní wọ́n ti dá ẹjọ́ yẹn rí. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n wọn wà lójú tèmi: bó bá sẹ́, olùpẹjọ́ ló máa mú ẹ̀rí wá, ṣùgbọ́n bó bá ní òun ti san án, òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí ń bọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ìwé, ẹlẹ́rìí, àti pé nǹkan ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, àwọn ni ẹ̀rí. Ìgbà tí kò bá sí ìkankan nínú wọn ni wọ́n tó ń fi ìdánwò òrìṣà wá òótọ́: òṣùwọ̀n, iná, omi, májèlé tàbí mímu omi tí wọ́n fi wẹ ère òrìṣà. Yajnavalkya, amòfin àgbà mìíràn, ní ẹni tó sẹ́ gbèsè tí ẹ̀rí wá mú un yóò san owó náà fún olówó, yóò sì san iye kan náà fún ọba. Ẹni tó pe ẹjọ́ irọ́ yóò san ìlọ́po méjì. Èlé pàápàá ní ààlà: bí ohun ìdúró bá wà, ìdá kan nínú 80 lóṣù ni, àpapọ̀ èlé owó kò sì gbọdọ̀ ju ojú owó lọ.

Ìpò tí wọ́n bí èèyàn sí ló ba nǹkan jẹ́: ìran àlùfáà, ìyẹn Brahmin, ló ga jù, ìran ìránṣẹ́, ìyẹn Shudra, ló wà nísàlẹ̀. Nínú ìwé Manu kan náà, Brahmin tó bú jagunjagun yóò san 50 pana, owó ayé ìgbà yẹn, bó bá bú Shudra, 12 péré. Jagunjagun tó bú Brahmin yóò san 100. Ṣùgbọ́n bí Shudra bá bú Brahmin, ara rẹ̀ ni yóò fi jìyà. Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà nìyẹn, kò sí ìlànà ilé ẹjọ́ kankan tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Nígbà tí ìjọba Súlútánì fìdí múlẹ̀ ní Delhi lọ́dún 1206, kádì ló ń dájọ́, mùfútì ń tọ́ka sí òfin, kotwal ń ṣọ́ ìlú, muhtasib ń yẹ òṣùwọ̀n ọjà wò. Àwọn Híńdù ń parí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ogún lọ́dọ̀ àwọn àgbà tiwọn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ìwé ilẹ̀ àti ilé lọ sọ́dọ̀ kádì nítorí òǹtẹ̀ rẹ̀. Ìlànà Hanafi, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà òfin Mùsùlùmí, tí wọ́n ń tẹ̀ lé gbà pé a lè pa Mùsùlùmí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa Híńdù tó wà lábẹ́ ààbò ìjọba. Níbi ẹ̀rí ló ti ń já: wọn kì í gba ẹ̀rí Híńdù lórí Mùsùlùmí. Ẹbí òkú sì lè dárí ji apànìyàn tàbí kí wọ́n gba owó ẹ̀jẹ̀, èyí tó fún olówó láyè láti ra ara rẹ̀.

Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco tó ṣe kádì ní Delhi, kọ ọ́ pé ìjòyè Híńdù kan pe Súlútánì Muhammad bin Tughluq lẹ́jọ́ pé ó pa arákùnrin òun láìnídìí. Ẹsẹ̀ ni Súlútánì fi rìn lọ, kò mú ohun ìjà dání, ó kí kádì, ó sì dúró. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé kí kádì má ṣe dìde fún òun. Kádì dá a lẹ́bi, ó sì tẹ́ ìjòyè náà lọ́rùn. Ibn Battuta yìí kan náà ló kọ nípa òkú àwọn tí Súlútánì yìí ń pa, tí wọ́n ń jù sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Ẹ ka méjèèjì pọ̀. Jahangir náà, ọba Mùsùlùmí tó jẹ lẹ́yìn àwọn Súlútánì Delhi, lọ́dún 1605, so ẹ̀wọ̀n wúrà tó ní agogo 60 mọ́ ààfin Agra kí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè fà á. Ẹni tó wà ní Bengal lọ́nà jíjìn ńkọ́?

Nígbà tí òyìnbó gba ìjọba ní Íńdíà, wọn kò fagi lé òfin Mùsùlùmí lórí ọ̀ràn ìpànìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń gé díẹ̀díẹ̀: lọ́dún 1790 wọ́n mú àṣẹ ìdáríjì kúrò lọ́wọ́ ẹbí òkú, lọ́dún 1792 wọ́n ní ẹ̀sìn kò gbọdọ̀ dí ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ mọ́. Ọdún 1860 ni wọ́n tó ṣe Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn. Òfin yẹn ni Sudan fi ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1899, ti Sudan ni àríwá Nàìjíríà sì wò ṣe èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, 1960, tó fi dé ọ̀dọ̀ àwa ará Ìlọrin. Bí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa Penal Code, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìtàn yìí kún un.

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin