Oògùn, Òógùn àti Iyọ̀ Ọbẹ̀

Kubwa, Àbújá

Múlíkà ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ooru Sókótó o. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp látòkè délẹ̀. Mo ní kí n kúkú kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí o lè máa padà kà á, nítorí ọ̀rọ̀ oògùn kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ká gbé e jù sílẹ̀. Ẹ kú ewu Bàbá Fárúùkù tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. O ní àwọn ará ilé ń pariwo pé oògùn bátìrì ni lithium tí wọ́n kọ fún ọkọ rẹ nítorí bipolar, àìsàn ọpọlọ tó ń gbé ọkàn èèyàn sókè ju bó ṣe yẹ lọ, tó tún ń já a sílẹ̀.

Wọn ò parọ́ tán. Ní Násáráwá tó múlé ti wa níbí, wọ́n ń wa òkúta tó ní lithium nínú, òun náà sì ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù. Ṣùgbọ́n irin ni wọ́n ń fún aláboyún mu ní ilé ìwòsàn, a ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní oògùn ìṣó. Jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin kò ju ẹyọ kan lọ: kíndìnrín ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín lithium àti iyọ̀. Bí iyọ̀ àti omi bá tó lára, kíndìnrín á máa da lithium tó ti ṣiṣẹ́ tán síta pẹ̀lú ìtọ̀. Bí ara bá gbẹ, tàbí tí iyọ̀ bá dín lójijì, kíndìnrín á háwọ́, á máa fa iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, lithium á sì bá a wọlé. Hóró oògùn kan náà tí ọkọ rẹ ń lò nígbà ọyẹ́ tí kò ṣe é ní nǹkan kan lè di májèlé sí i lára lóṣù kẹrin ọdún tí ooru ń mú, láìjẹ́ pé ó fi ẹyọ kan kún un. Òógùn ló ń da oògùn rú. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ tí ooru ti ń kọjá 40, ẹni tó bá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tí kò síná láti àárọ̀ dalẹ́ yóò ti laágùn iyọ̀ púpọ̀ dànù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyẹn gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ, tí wọ́n ní kí o yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ ọkọ rẹ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Màmá ò ṣìnà, ẹni tí wọ́n ń bá wí ni kò bá ọ̀rọ̀ náà mu. Iye iyọ̀ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kó máa jẹ lọ, kó má dín, kó má sì lé. Bó bá dín lójijì, lithium á gòkè. Bó bá lé, kíndìnrín á da lithium nù ju bó ṣe yẹ lọ, àìsàn á sì rí àyè wọlé. Maggi náà, iyọ̀ ni. Bí dókítà bá fẹ́ kí iyọ̀ dín lóòótọ́, díẹ̀díẹ̀ ni, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa èèyàn rí. Ọdún 1949 ni John Cade, dókítà kan ní Ọsirélíà, kọ ọ́ jáde pé lithium ń mú ara àwọn tí ọpọlọ wọn ń gbé sókè wálẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta lithium fún àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn pé kí wọ́n máa fi se ọbẹ̀ dípò iyọ̀. Àwọn tí wọ́n ti gba iyọ̀ lọ́wọ́ wọn gan-an ni wọ́n ń fún ní lithium, tí kò sẹ́ni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ wọn! Àwọn kan kú nínú wọn. Ó di 1970 kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àìsàn ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò wá kàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Wákàtí 12 lẹ́yìn tó lo oògùn kẹ́yìn ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Bó bá lò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni kó wà níbẹ̀. Bí tàárọ̀ bá wà nínú ohun tí wọ́n kọ fún un, kó mú un dání lọ sí láàbù, kó má gbé e mì títí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ tán. Ẹni tó bá ti lò ó kó tó dé ibẹ̀ á gba èsì tó ga lórí irọ́, wọ́n á sì lè tìtorí rẹ̀ dín oògùn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kù. Ṣọ́ ìgò kékeré tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé ni wọ́n mú, bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, torí lithium heparin ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Lithium inú ìgò á wá kún ti inú ẹ̀jẹ̀. Olómorí pupa ni kí wọ́n lò. Má tijú láti sọ ọ́, ọmọ láàbù tó bá mọṣẹ́ kò ní bínú.

Lórí ìwé èsì, ìwọ̀n lithium inú ẹ̀jẹ̀ láti 0.6 sí 0.8 mmol/L ni ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Nígbà míì wọ́n á jẹ́ kó dé 1.0. Bó bá ti kọjá 1.5, ewu ti dé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá yí iye oògùn padà ni kí wọ́n tún un wò, kì í ṣe ọjọ́ kejì, torí ara nílò bí ọjọ́ márùn-ún kó tó fìdí kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lọ́dún àkọ́kọ́. Kíndìnrín àti tháíróìdì, ẹran kékeré níwájú ọrùn, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń wọn lithium, nítorí náà bèèrè ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Kware kí o tó náwó ọkọ̀ káàkiri.

Oògùn ara ríro ni ọ̀tá tó wà nílé. Ibuprofen, diclofenac, Feldene, gbogbo àwọn tí wọ́n ń gbé kiri lórí igbá nínú ọjà yẹn, wọ́n ń dí ọ̀nà tí lithium ń gbà jáde nínú kíndìnrín. Paracetamol ni tirẹ̀, hóró 500 mg méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lisinopril, losartan àti Moduretic náà ń gbé lithium sókè. Amlodipine kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Kó má dá èyíkéyìí dúró fúnra rẹ̀ o, kó kàn jẹ́ kí dókítà méjèèjì mọ ohun tí ẹnì kejì kọ.

Ọwọ́ rẹ̀ tí o ní ó ń gbọ̀n yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ gbígbọ̀n wẹ́wẹ́, tí o máa rí bó bá na ìka síwájú, kò léwu, àìsùn àti tíì líle ló ń mú un le sí i. Èyí tó léwu ni èyí tí tíì á máa dànù nínú kọ́ọ̀bù, tí ahọ́n rẹ̀ á wúwo, tí yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, tó ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tó ń sùn láìrọrùn jí. Ní Sókótó, wọ́n á ní ó ti mutí! Má dá wọn lóhùn. Má fún un ní oògùn tó kàn, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ sì jẹ́ pé lithium ló ń lò. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní dúró de wákàtí 12 kankan. Nọ́ńbà náà sì lè dára kí ara má dára, ara rẹ̀ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Bó bá jẹ́ inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lásán, kó dá lithium dúró ná, kí o pe dókítà, kí o sì po ORS fún un: pàkẹ́ẹ̀tì kan sínú lítà omi kan, ìyẹn ọ̀rá pure water méjì tó bá jẹ́ 50cl. Bó bá gbàgbé oògùn lálẹ́, kó má lò ó ní méjì lọ́jọ́ kejì.

Ààwẹ̀. Mo mọ̀ pé ibi tí ọkàn rẹ wà nìyí. Kó rí dókítà ní oṣù kan ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á kó gbogbo oògùn rẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìṣínu, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ààwẹ̀ tó wọlé, wọ́n á tún un wò láàárín rẹ̀. Kó mu omi dáadáa láti ìṣínu títí di sààrì. Àmọ́ ohun méjì wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Àkọ́kọ́ ni goro: ohun tó wà nínú tíì tó ń lé oorun lọ ló wà nínú obì náà, ó sì ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da lithium nù. Ẹni tó ń jẹ goro mẹ́rin lójúmọ́, tó wá dá a dúró lójijì, lithium rẹ̀ lè gòkè. Kó dín in kù díẹ̀díẹ̀ ṣáájú. Ìkejì ni oorun. Àṣàmù, ìrun òru ààwẹ̀, lẹ́yìn náà sààrì, lẹ́yìn náà iṣẹ́. Àìsùn alẹ́ méjì sí mẹ́ta tó láti jí àìsàn yẹn, bí lithium tilẹ̀ pé. Ẹ jẹ́ kó sùn, kí ẹ jí i fún sààrì, kó tún sùn padà. Bí dókítà bá sì ní kó má gbà á lọ́dún yìí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Nínú ọpọlọ, lithium kì í kan èèyàn lórí mọ́lẹ̀. Inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́: dopamine, ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, á kanlẹ̀kùn, lithium á jẹ́ kí àwọn ará inú ilé dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi olanzapine, oògùn ọpọlọ mìíràn, kún un. Olanzapine ló ń mú un sùn di aago mẹ́wàá, tó ń mú un jẹun bí ẹni tó ń di ẹrù. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òùngbẹ rẹ̀ àti ìtọ̀ òru, lithium ni wọ́n sábà máa ń ti wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kí ọkàn yín lè balẹ̀. Omi ni kó máa mu, má ra mínírà àti malt jọ fún un, àwọn gan-an ló ń gbé ikùn síwájú.

Bó bá ṣe díẹ̀, tó wá dákẹ́, tó ń sanra, tí òtútù ń mú un nígbà tí gbogbo yín ń laágùn, tí kò wo ojú rẹ mọ́ lórí ibùsùn, má tíì rò ó sí pé ìfẹ́ ti tán. Lithium máa ń mú tháíróìdì rẹ̀wẹ̀sì, ibẹ̀ náà ni gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. Ní kí wọ́n wọn TSH, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá tháíróìdì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bó bá jẹ́ òun ni, hóró levothyroxine lójúmọ́ ló ń tún un ṣe, kò dìgbà tí ẹ bá pe àwọn àgbà sí i.

Èyí tó kẹ́yìn le ju ti kíndìnrín lọ. Má fi «Ṣé o ti lo oògùn ẹ?» dá a lóhùn láàárín ìjà. Ọkùnrin náà lè bínú nítorí pé ohun tí o ṣe dùn ún lóòótọ́. Bó bá gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn gbẹ̀san, á sì dá a dúró. Ìdádúró òjijì ló ń mú àìsàn yẹn padà kíákíá. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a dúró rárá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ló dára jù. Ra ike oògùn oníyàrá méje, kó máa dì í fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí o fojú wò ó, kí o má sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí tí ara rẹ̀ dá, ẹ jọ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀: kí ló máa ń kọ́kọ́ yí padà? Bó bá ń sùn wákàtí mẹ́ta tí kò sì rẹ̀ ẹ́, bó bá ń fi ọ̀rọ̀ gígùn ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní aago méjì òru, bó bá ń ra ohun tí ẹ ò nílò, ta ló máa mú káàdì ATM? Ta ló máa pe dókítà? Kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, kó buwọ́ lù ú, kí o tọ́jú rẹ̀ sínú Kùránì.

Kí o tó ra oògùn tuntun, wò ó dáadáa: 300 mg kì í ṣe 400 mg, èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ rún un lẹ́nu. Ya fọ́tò páálí àti èsì ẹ̀jẹ̀ fún mi, kí o sì kọ aago tó lo oògùn àti aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bá mi kí Fárúùkù àti màmá.

Èmi ni,
Ìyábọ̀