Lẹ́tà sí Káyọ̀dé, tó fẹ́ ra ìbọn 1887

Káyọ̀dé, àbúrò mi,

Àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi. Ìbọn mẹ́ta onírú 1887, ti Winchester gidi kan àti àdàkọ méjì (ìyẹn èyí tí àwọn iléeṣẹ́ mìíràn ṣe fara wé e), àti ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà?" Ìdáhùn rẹ̀ ju ohun tí mo lè sọ tán lórí fóònù lọ. Ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á ni mo sì kọ ọ́ sí, torí ìwọ nìkan kọ́ ló ń bi mí láàárín àwọn ọmọ wa tó wà ní Texas níbí.

Kí n tó dárúkọ èyíkéyìí, mọ̀ dájú pé ẹni tó ṣe ìbọn náà gan-an kò fẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. John Moses Browning, ọmọ Ogden ní Utah, sọ fún Winchester, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn, pé pọ́ǹpù, èyí tí èèyàn ń fi ọwọ́ fa igi abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ síwá-sẹ́yìn, ló bá ìbọn oníkátíríìjì ńlá (shotgun) mu. Wọ́n ní rárá. Lẹ́fà, irin abẹ́ ìbọn tí èèyàn ń tì tó sì ń fà padà láti kì í, ni ayé fi mọ àwọn, ìbọn tó bá máa jáde lórúkọ àwọn, àfi kó ní lẹ́fà. Browning kò bá wọn jà. Ó lọ ṣe èyí tí wọ́n ní kó ṣe, ó sì jáde ní 1887. Nígbà tó yá, Winchester gba pọ́ǹpù rẹ̀, ó kọ́kọ́ jáde ní 1893, wọ́n tún un ṣe ní 1897. Èyí 1897 yẹn, iye tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù kan. Ti 1887 kò ju bíi 65,000 lọ. Ọjà ti dájọ́ fún Browning.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ ìbọn tó rọrùn lọ́wọ́ lò ń wá, wá àdàkọ 1897 rà, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́. Irin tó ń ṣí wálẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yẹn ló wọ̀ ọ́ lójú, n kò sì bá ọ wí. Bí o bá ti lẹ́fà náà síwájú, odindi ìdérí inú ìbọn a yí sẹ́yìn, a lanu sókè, èèpo kátíríìjì tí o ti yìn a ta jáde. Bí o bá fà á padà, òmíràn a gòkè wá láti inú páìpù tó wà lábẹ́ ọ̀pá, èyí tó ń gba márùn-ún, a sì wọlé. Ọ̀nà tí lẹ́fà náà ń rìn jìn. Ẹni tó bá fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ fà á, tí kò tì í dé òpin kó tó fà á padà, kátíríìjì á há sáàárín: orí rẹ̀ á yọ síta, ìdí rẹ̀ á há sísàlẹ̀, ìwọ á sì máa fi ìka wá a níbi tí kò yẹ kí ìka dé. Ìbọn yìí kò fẹ́ ojora. Tì í tìtì kó dún, fà á padà kó dún.

Èyí àkọ́kọ́ nínú fọ́tò rẹ, ti Winchester gidi, ẹwà ni. Gbé e kọ́ ara ògiri bí owó rẹ bá ká a, ṣùgbọ́n má yìn ín. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún, irú ẹ̀tù tí àwọn ọdẹ wa nílé ń rọ sí ẹnu ṣakabùlà, tí èéfín rẹ̀ ń bo ojú títí ẹran á fi sá lọ. Ẹ̀tù òde òní ní agbára tí irin ìgbà yẹn kò mọ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò kíyè sí: ihò tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú 12-gauge ti àtijọ́ ("gauge" ni ìwọ̀n bí ihò ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó), íǹṣì 2⅝ ni, ti òde òní sì jẹ́ íǹṣì 2¾. Yóò wọlé o, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu, torí nígbà tí o bá yìn ín, ẹnu èèpo tó ṣẹ́po kò ní ríbi ṣí sí, ipá á wá ga sí i nínú irin tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Winchester mọ ìṣòro ẹ̀tù tuntun yìí, òun ló fa èyí tí wọ́n pè ní 1901, tí wọ́n ṣe kó lágbára sí i. Ṣùgbọ́n 10-gauge, tó fẹ̀ ju 12 lọ, nìkan ni wọ́n ṣe é, o ò sì ní rí kátíríìjì rẹ̀ rà bí ẹni ra búrẹ́dì.

Èyí ló fi jẹ́ pé àdàkọ ló tọ́ sí ẹni tó fẹ́ yìnbọn. Méjì ló kù nínú fọ́tò rẹ.

Ti Ṣáínà, Norinco, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 20. Ìjọba Clinton ti fòfin de ọ̀pọ̀ ìbọn Ṣáínà láti wọ Amẹ́ríkà ní 1994, ìbọn ọdẹ bí irú èyí ni wọ́n yọ sílẹ̀, òun ló fi ráàyè wọlé. Lójú tèmi, irin rẹ̀ nípọn, ó lè jìyà, owó rẹ̀ kò sì pa ni lára. Àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ dán inú rẹ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ le, etí irin rẹ̀ mú. Àwọn tó ń fi í díje máa ń gbé e fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kó fá a, kó dẹ̀ ẹ́, kó sì ṣe é kí kátíríìjì méjì lè wọ̀ ọ́ láti òkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí tó fi jẹ́ méjì rèé. Ẹgbẹ́ tí o fẹ́ wọ̀ yẹn, Single Action Shooting Society, àwọn tó ń fi irú ìbọn ayé àtijọ́ díje, òfin wọn ni pé o kò gbọdọ̀ kì ju méjì lọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bó tilẹ̀ lè gbà jù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó yá láti kì í ló ń borí níbẹ̀. (Àwọn kan náà ló máa ní kí o wọ aṣọ àwọn darandaran màlúù (cowboy) ayé àtijọ́, kí o sì fún ara rẹ ní orúkọ ìnagijẹ. Mo ti ń fojú sọ́nà fún tìrẹ.)

Ti Ítálì, Chiappa, ló rẹwà jù. Àwọ̀ ara irin rẹ̀ ń dán bí ọrùn ẹyẹlé, igi ìdí rẹ̀ sì dára. Wọ́n ń ṣe é ní íǹṣì 22, wọ́n sì ń ṣe èyí tó gùn tó 28. Íǹṣì 28 dára fún ẹyẹ tó ń fò, ó gùn jù fún eré ìdíje tí ẹ máa ń sáré láti ojú fèrèsé kan sí òmíràn. Íǹṣì 22 ni màá mú bó bá jẹ́ èmi.

Wọ́n tún ní èyí tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrú. Mo mọ̀ pé ojú rẹ wà lára rẹ̀. Sinimá 1991 yẹn, Terminator 2, ló bà yín jẹ́, níbi tí Arnold Schwarzenegger ti ń fi ọwọ́ kan yí i po lórí alùpùpù. Sinimá nìyẹn. O ò lè gbé e lé èjìká, gbogbo ìtapadà 12-gauge á wá bọ́ sí ọrùn ọwọ́ rẹ, o ò sì ní lè yìn ín bá ohun tí o ń wò. Má rà á. Má sì ra èyí tó gùn kí o wá lọ gé e nílé: ọ̀pá tí kò bá tó íǹṣì 18, tàbí odindi ìbọn tí kò bá tó 26, òfin 1934 ti ìjọba àpapọ̀ ló máa gbé ọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀.

Lórí òfin náà, ẹni tó bá ṣì wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìbẹ̀wò, kó má gbìyànjú ẹ̀. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún wọn kò ju díẹ̀ lọ, bíi ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìṣọdẹ. Ìwọ ti gba green card, kò sí wàhálà. Wọ́n á fún ọ ní fọ́ọ̀mù 4473 ní ṣọ́ọ̀bù, ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dáadáa kí o tó fa ìlà sí i.

Bí o bá dé ibẹ̀, tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí o tó fọwọ́ kan lẹ́fà. Rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mú kátíríìjì ìdánwò méjì dání, àwọn tí kò lẹ́tù nínú, kí o sì jẹ́ kó rí wọn. Kì wọ́n bọ̀ ọ́, tì í, fà á. Wò ó bóyá àkọ́kọ́ jókòó tààrà lórí irin tó ń gbé e sókè, tàbí ó ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbé e lé èjìká, kí o tì í láìgbé e kúrò níbẹ̀. Bí àwọn ìka rẹ bá ń gbá nǹkan, kò bá ọwọ́ rẹ mu, bó ti wù kó rẹwà tó.

Bí ti Ítálì bá yege, mú un. Bí owó bá ń ṣe bí ẹni kò tó, mú ti Ṣáínà, èmi á sọ alágbẹ̀dẹ tó máa bá ọ dẹ̀ ẹ́ fún ọ.

Ọjọ́ Sátidé ni kí o lọ, nígbà tí n kò bá sí níbi iṣẹ́, kí o pè mí lórí fídíò láti ibẹ̀. Má san kọ́bọ̀ kí n tó gbọ́ bí lẹ́fà rẹ̀ ṣe ń dún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni.