Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Ọ̀rọ̀ àti Ìlà Inú Ìwé Orin

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara rẹ le, àti pé o ti ń fi MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ìwé orin, kọ orin rẹ sílẹ̀. O béèrè bí o ṣe lè fi ọ̀rọ̀ àti ìlà tìrẹ kún àwọn àmì tí ó ti wà nínú rẹ̀. Kí o tó ṣe ohunkóhun, mo bẹ̀ ọ́, ara nóòtì (àmì ohùn kọ̀ọ̀kan) ni kí o máa so wọ́n mọ́, má ṣe gbé wọn lé ojú ìwé lásán.

Ojú mi ti rí i. Mo kọ “ẹ rọra” sínú àpótí ọ̀rọ̀ tó wà lókè ojú ìwé orin kan tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ akọrin, mo sì fi máòsì wọ́ ọ títí ó fi dé orí báà 14 (báà ni ìpín kékeré láàárín ìlà òró méjì nínú ìwé orin). Nígbà tí mo fi báà méjì kún ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, àwọn nóòtì sún síwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò kúrò lójú kan. Àwọn akọrin wá rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ohun tí mo kọ ni wọ́n kà, wọn kò jẹ̀bi.

Nítorí náà, yan nóòtì tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí o di Ctrl mú, kí o sì tẹ T. Ọ̀rọ̀ ti ohùn kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ó bá kan gbogbo ènìyàn, fi Shift kún un, yóò sì hàn nínú ìwé olúkúlùkù nígbà tí o bá yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ìwé àpapọ̀, àwọn méjèèjì jọra púpọ̀. Ìgbà tí afunfèrè bá gba ìwé tirẹ̀ tí kò bá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀ ni àṣìṣe yóò tó hàn.

Ti ìlà ni mo fẹ́ràn jù. Yan nóòtì àkọ́kọ́, di Shift mú, tẹ nóòtì tí ìlà yóò parí sí, kí o wá mú ìlà láti inú àwọn ìlà tí a tò sí ẹ̀gbẹ́. O lè sọ ọ́ di ìlà tí a gé sí kéékèèké (- - -), kí o kọ “rọra” sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi ìkọ́ kékeré sí òpin rẹ̀, kí akọrin lè mọ nóòtì náà gan-an tí ìdẹ̀ra náà parí sí. Bí ìlà náà bá ré kọjá sí ẹsẹ orin tó wà nísàlẹ̀, o lè kọ “(rọra)” tí yóò hàn níbi tí ìlà náà ti tún bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ tuntun náà. Bákan náà ni ti LilyPond, ètò mìíràn tí a ń fi àṣẹ tí a tẹ̀ kọ orin: ẹ̀yìn nóòtì gan-an ni a ń kọ \startTextSpan àti \stopTextSpan sí.

Ṣùgbọ́n má ṣe fi ọwọ́ kọ 8va (àmì pé kí a gbé ohùn ga ní ọ̀kítéfù kan) tàbí p (àmì pé kí ohùn rọlẹ̀) bí ọ̀rọ̀ lásán. Ojú yóò rí i, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní yí ohùn orin padà. Àmì tòótọ́ wọn ni kí o lò.

O ní ìlà rẹ kan ń gun orí ọ̀rọ̀ orin. Yàn án, kí o tẹ Ctrl àti R, kí ó padà sí àyè rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ báà tí ó wà fún mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.