Ẹ̀sùn Lórí Ìṣètò Gíréèdì Inú Áàpù Yín

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ti Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi ni mo ń mójú tó ìdánwò àti èsì ní ilé-ìwé aládàáni wa ní Ìbàdàn, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé SS3. Áàpù yín la fi ń gbé èsì àwọn ọmọ jáde. N kò ní parọ́ mọ́ yín: apá owó ilé-ìwé ń ṣiṣẹ́ dáadáa, inú àwọn òbí sì máa ń dùn pé bí wọ́n bá ti sanwó báyìí, rìsíìtì ti dé sórí fóònù wọn. Ọ̀rọ̀ gíréèdì ni mo bá wá.

Òfin gíréèdì tí ilé-ìwé wa ní kò ju méjì lọ. Àwọn SS ń tẹ̀ lé ìlànà WAEC tí gbogbo ilé-ìwé mọ̀: 75 sókè ni A1, B2 bẹ̀rẹ̀ láti 70, B3 láti 65, C4 láti 60, C5 láti 55, C6 láti 50, D7 láti 45, E8 láti 40, ohun tó bá sì wà nísàlẹ̀ 40, F9 ni. Àwọn JSS àti aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ń lo A, B, C, D, F. Ó tán. Tíṣà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ á ti mọ̀ ọ́n sórí kí agogo oúnjẹ tó lù.

Ṣùgbọ́n áàpù yín kò gbà kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó yé e. Àfi kí n wọ SS1A, kí n mú Ìṣirò, kí n kọ ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kí n kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Kí n jáde, kí n mú Gẹ̀ẹ́sì, kí n tún un kọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìlà mẹ́sàn-án, àpótí méjì méjì, ìyẹn 18 fún iṣẹ́ kan ṣoṣo. Kíláàsì tó bá ní iṣẹ́ 12, 216 nìyẹn. Tí SS1 bá pín sí A, B àti C, ó di àpótí 648, a kò tíì dé SS2 o! Ohun kan náà sì ni nọ́ńbà inú gbogbo wọn. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé bí a bá ti ṣí táàmù tuntun, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Àfi bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi. Ta ló sọ fún yín pé A1 máa ń yí padà láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní?

Bó bá jẹ́ wàhálà nìkan ni, bóyá à bá máa fara dà á. Ní ìparí táàmù àkọ́kọ́, ọmọ kan ní SS2 gba 49 ààbọ̀ nínú Biology. Kò sí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀, torí a máa ń pa tẹ́ẹ̀sì méjì pọ̀, a ó sì pín in, ààbọ̀ a máa jáde. Ṣùgbọ́n ìlà D7 parí sí 49, ìlà C6 bẹ̀rẹ̀ láti 50, ààbọ̀ ọmọ náà kò sì ríbi jókòó sí. Áàpù yín kò pariwo, kò fi àmì pupa hàn, kò ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kàn fi àyè gíréèdì sílẹ̀ lófìfo, ó sì gbé káàdì èsì náà lọ sórí fóònù bàbá ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí bàbá náà pè mí lójú oúnjẹ alẹ́ ni mo tó mọ̀. Ó ní ṣé wọ́n mú ọmọ òun níbi tó ti ń jíwèé wò ni, tí wọ́n fi dá gíréèdì rẹ̀ dúró. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Nígbà tí a pe ọ́fíìsì yín, ẹni tó gbé ìpè wa ní kí a lọ máa kọ 49.99 dípò 49. Ìyẹn ni pé kí a padà sínú gbogbo àpótí yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé kí ló tilẹ̀ dé tí ẹ fi ń béèrè ibi tí gíréèdì parí sí. Tí ẹ bá béèrè ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ nìkan, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé ibi tí C6 ti bẹ̀rẹ̀ ni D7 parí sí. Àlàfo kò ní sí, ìlà méjì kò sì ní gorí ara wọn. Ó ní òun á bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yín sọ̀rọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, a kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀sùn kejì kò jìnnà sí ìyẹn. Áàpù yín kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tó gba òdo àti ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ náà rárá. Ọmọ tí ibà dá dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì, òdo ni wọ́n kà fún un. Ti SS ló wá le jù. Àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì àtàwọn ọmọ áàtì jọ jókòó sí kíláàsì kan, wọ́n jọ ń ṣe Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà kálukú a gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń ṣe Physics kì í ṣe Government. Ẹ wá mú ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́sàn-án, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 603. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 67, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ 14 ló wà nínú kíláàsì náà, 14 yìí sì ni áàpù yín fi ń pín in. Ó wá di 43. Ọmọ tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wá dà bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ feèlì. Ipò nínú kíláàsì náà sì dàrú lọ́nà kan náà.

Ti jẹ́lé-ó-sinmi, n kò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. A kì í fún ọmọ ọdún mẹ́ta ní máàkì. Ọ̀rọ̀ la máa ń kọ fún òbí, bí ọmọ náà ṣe ń mú pẹ́ńsù, bóyá ó lè ka oókan dé ẹẹ́wàá. Áàpù yín kò gbà, ó ní dandan kí a kọ nọ́ńbà. Ọwọ́ la fi ń kọ tiwọn báyìí.

Ẹ ti fi fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ sí wa, a sì wò ó. Ohùn ọmọbìnrin inú rẹ̀ dùn, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n tó bá gba irú àlàyé gígùn bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tó lè sọ pé 75 ni A1, ìṣòro náà kò sí lọ́dọ̀ àwọn tíṣà mi. Fóònù ara wọn àti dátà ara wọn ni wọ́n ń lò. Tí iná ò bá sí, wọ́n á dúró di ìgbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Ní táàmù tó kọjá, Excel la padà fi ṣe broadsheet, ìyẹn ìwé tó kó máàkì gbogbo kíláàsì jọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń da èsì rẹ̀ sínú áàpù yín, bẹ́ẹ̀ a ti san owó tí ẹ ń gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan fún yín.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Kí ìlànà WAEC ti wà nínú áàpù náà kí a tó dé ibẹ̀, kí n kàn yàn án fún gbogbo SS lẹ́ẹ̀kan, kó sì wà bẹ́ẹ̀ láti táàmù dé táàmù títí èmi fúnra mi á fi yí i padà. Kíláàsì tàbí iṣẹ́ tó bá fẹ́ yàtọ̀, ìyẹn nìkan ni kí n lọ tún ṣe. Kí ẹ bi wá lẹ́ẹ̀kan bóyá 49 ààbọ̀ yóò di 50 tàbí kò ní dì í, torí ilé-ìwé ló ni ìpinnu yẹn. Kí àpótí tó ṣófo má di òdo, kí ẹ sì fi iye iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe pín máàkì rẹ̀. Kó tó di pé káàdì kankan lọ sọ́dọ̀ òbí, kí áàpù fi èyí tí gíréèdì rẹ̀ kò pé hàn mí.

Owó táàmù kẹta wà lórí tábìlì ọ̀gá wa, n kò sì tíì fọwọ́ sí i. Inú ìwé ni kí ẹ ti fèsì fún mi, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa ṣe àtúnṣe wọ̀nyí, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ máa yọ kúrò nínú owó náà nítorí táàmù tí a fi Excel ṣe. Bí èsì yín kò bá dé kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò táàmù kejì, a ó gba gbogbo àkọsílẹ̀ wa lọ́wọ́ yín, a ó sì wá ibòmíràn lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó Ìdánwò